Dragapult aláwọ̀ mẹ́rin: ta ni kí n rán sí i?

Ọ̀pẹ_Àjàṣẹ́ (Àjàṣẹ́, Porto-Novo)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ Dragapult, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá gèmù Pokémon, ni mo gbé wá. Gen 9 OU ni (ọ̀kan nínú àwọn ìpín ìdíje ìran kẹsàn-án gèmù náà), lórí Showdown, ìkànnì tí a ti ń fi Pokémon jà, ẹni kan sí ẹni kan.

Ikọ̀ mi nìyí: Great Tusk (Stealth Rock àti Rapid Spin), Kingambit, Gholdengo (Choice Scarf, ohun ọwọ́ tó ń fi ìdajì kún Speed; Modest, ìwà tó ń fi kún Special Attack), Clefable (àbùdá Magic Guard, 252 EV, ìyẹn àmì tí a ń pín láti fi kún agbára, nínú HP tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìyókù wà nínú Defense), Dragonite àti Ogerpon-Wellspring. Mo ń rí nǹkan ṣe sí ọ̀pọ̀ alátakò, àfi tí Dragapult bá yọjú. Bí mo bá rán Kingambit sí i, Will-O-Wisp á jó o, agbára rẹ̀ á di ìdajì. Bí mo bá rán Clefable, Shadow Ball méjì, ó ti kú. Mo yọ Clefable, mo fi Blissey rọ́pò rẹ̀, èyí tí mo tún pàdé wá ń jó Dragon Dance (ijó tó ń fi kún Attack àti Speed) níwájú Blissey bí ẹni pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Mo ti dá Clefable padà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Gholdengo. Pẹ̀lú Scarf, ó yẹ kó yá ju Dragapult lọ, síbẹ̀ Dragapult ló ń kọ́kọ́ lù. Ṣé gèmù ló ń ṣìṣe ni?

Ìbéèrè mi: Pokémon wo ló lè gba gbogbo oríṣi Dragapult mọ́ra? Bí kò bá sí, kí ni mo lè máa wò tí màá fi mọ èyí tó wà níwájú mi kí ó tó pa ẹnì kan fún mi?

---

Ẹ̀fẹ̀_Alẹ́ (Kétu)

Àbúrò, má wulẹ̀ wá a. Kò sí. Ẹni tó bá ní ó wà, oríṣi Dragapult kan péré ló ti bá pàdé.

Wo òǹkà ìpìlẹ̀ ara rẹ̀ ná (kí ìpele, EV àti ìwà tó kàn án): Attack 120, Special Attack 100, Speed 142. Irú Dragon àti Ghost ni. Ọwọ́ méjèèjì (Attack àti Special Attack) ló fi ń jà, ó sì ń sáré ju gbogbo èrò lọ. Èyí tó le nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dáadáa, ọwọ́ òsì ló máa pa á. Blissey kò bìkítà fún Shadow Ball, torí Normal ni, Ghost kò ràn án, Draco Meteor gan-an kò lè ṣe é ní nǹkan gidi. Ṣùgbọ́n Defense Blissey jẹ́ 10. Mẹ́wàá péré! Bí kò bá kó EV sí Defense, Dragon Darts kan lẹ́yìn ijó kan, ó tán.

Àwọn tó o máa pàdé jù:

Oní-Choice Specs (awò tó ń fi ìdajì kún Special Attack). Draco Meteor, Shadow Ball, U-turn, Flamethrower. Òun ló ń pa èèyàn ní kíákíá.

Oní-Hex (ìkọlù tó ń di ìlọ́po méjì sí ẹni tó ń jóná). Will-O-Wisp, Hex, U-turn, pẹ̀lú Draco Meteor tàbí Dragon Darts, Heavy-Duty Boots (bàtà tí kì í jẹ́ kí Stealth Rock ràn án) wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òun kì í kánjú, ó ń jẹ ikọ̀ rẹ díẹ̀díẹ̀.

Oní-Dragon Dance. Dragon Darts, Tera Blast, nígbà míì Substitute. Ó ń dúró di ìparí ìjà.

Oní-Choice Band (ìgbàrí tó ń fi ìdajì kún Attack). Dragon Darts àti U-turn. Kò wọ́pọ̀ tó ti Specs, má fi da ara rẹ láàmú.

Ní Kétu níbí, a kì í wo igi tó wà lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ká tó mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ, ẹsẹ̀ là ń wò. Ibi tí ẹsẹ̀ Dragapult ti ń hàn nìyí.

Stealth Rock, ìyẹn òkúta tó ń lu ẹni tó bá wọlé. Òkúta kò le fún un, kò sì rọ̀ fún un, torí náà ìdá kan nínú mẹ́jọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló yẹ kó já nígbàkígbà tó bá wọlé, 12.5%. Bí ó bá wọlé tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dín rárá, bàtà ló wọ̀. Ẹni tó wọ bàtà kò lè fi Specs sójú, kò sì lè di Band mọ́rí. O ti yọ méjì kúrò nínú mẹ́rin láìṣe nǹkan kan. Oní-Hex ló sábà máa jẹ́, àwọn oníjó kan náà ń wọ bàtà, ṣùgbọ́n wọn kò tó bẹ́ẹ̀.

Ìkọlù méjì. Bí ó bá lo Shadow Ball, tí kò jáde, tó tún lo nǹkan mìíràn ní ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kì í ṣe oní-Choice. Specs àti Band máa ń de èèyàn mọ́ ìkọlù kan ṣoṣo títí yóò fi jáde. Ìdí nìyí tí Protect fi wúlò: bí ó bá lu Protect rẹ pẹ̀lú Draco Meteor, o ti mọ ohun tó fẹ́ lò, o kò sì san kọ́bọ̀.

Òǹkà ìpalára. Èyí ló dájú jù, mo fi í sílẹ̀ fún Òkè_Ṣábẹ, òun ló fẹ́ràn ìṣirò.

Àbùdá náà ń sọ̀rọ̀ díẹ̀. Bí o bá ní ẹni tó ní Intimidate, tí gèmù sì sọ pé Clear Body kò jẹ́ kí Attack rẹ̀ dín, o ti mọ̀ pé Substitute rẹ lè dáàbò bò ọ́. Bí Attack rẹ̀ bá dín, ṣọ́ra: ó lè jẹ́ Infiltrator, ìyẹn ń gba inú Substitute, Reflect àti Light Screen kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Torí náà fi Great Tusk ṣíde, kí òkúta wà nílẹ̀ láti ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́.

---

Òkè_Ṣábẹ (Ṣábẹ)

Ẹ̀gbọ́n, gbogbo rẹ̀ ló dára àfi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Bí Dragapult bá ṣíde níwájú Great Tusk ńkọ́? Special Defense Great Tusk jẹ́ 53. Draco Meteor oní-Specs (Timid, ìwà tó ń fi kún Speed; 252 EV nínú Special Attack) máa yọ ó kéré tán 441. Great Tusk tó kó 252 sínú HP gan-an, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 434. Kò ní í rí òkúta kankan gbé kalẹ̀ kó tó kú, àyàfi bí Draco Meteor bá tàsé, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sì ni ìyẹn. Òkúta gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n níwájú ẹlòmíì ni kó o ti gbé e kalẹ̀. Bí o bá ti rí Dragapult nínú ikọ̀ mẹ́fà rẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, má fi Great Tusk ṣíde.

Ó yá, òǹkà. Clefable ni màá fi ṣe òṣùwọ̀n, torí ó wà lọ́wọ́ rẹ. 252 HP, òfo nínú Special Defense: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 394. Dragapult náà jẹ́ Timid pẹ̀lú 252 Special Attack, kò tíì lo Tera (agbára tó ń yí irú Pokémon padà, ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ìjà).

Hex nígbà tí ara Clefable mọ́: 97 sí 115, ìyẹn bíi 25 sí 29%.
Shadow Ball láìsí Specs: 120 sí 142, 30 sí 36%.
Shadow Ball pẹ̀lú Specs: 178 sí 211, 45 sí 53%.
Hex nígbà tí Clefable ti jóná: 195 sí 229, 49 sí 58%.

Kọ ọ́ sí ẹ̀yìn kàyé rẹ. Wò ó dáadáa: Shadow Ball oní-Specs àti èyí tí kò ní Specs kò pàdé rárá. Bí Clefable tí ara rẹ̀ pé bá gba Shadow Ball kan, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì kù sí nǹkan bíi 66%, kò ní Specs. Bí ó bá kù sí 50%, Specs ni, ó sì ti so ara rẹ̀ mọ́ Shadow Ball. Lẹ́yìn náà gbé Kingambit wọlé, kò sí ohun tí Shadow Ball lè fi í ṣe.

Ìdí tí Clefable rẹ fi ń kú ní ìgbà méjì nìyẹn: 45 sí 53%, bí ọwọ́ rẹ̀ bá kan òkè díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó tán. Gbogbo EV tó o kó sínú Defense kò wúlò sí Dragapult, torí Dragon Darts kò ràn án rárá, Fairy ni. Kó o padà: 252 HP, 252 Special Defense, ìwà Calm. Shadow Ball oní-Specs á di 127 sí 150, ìyẹn 32 sí 38%. Ìkọlù mẹ́ta ló máa nílò báyìí, o sì ní Moonlight tó ń wo ọ́ sàn láàárín. Bí ó bá lo Tera Ghost, ó di 43 sí 51%. Ó ṣì lè dùn ọ́, ṣùgbọ́n ó ti ná Tera rẹ̀.

Má sì rò pé Moonblast Clefable máa pa á lẹ́ẹ̀kan. Láìkó EV kankan sí Special Attack, 78 sí 93% ni. Bí ó bá ti gba òkúta lẹ́ẹ̀kan, ó lè kú, ó lè má kú. Bí ó bá ti gba á lẹ́ẹ̀mejì, ó dájú.

Ti Gholdengo: gèmù kò ṣìṣe, ìwà ló bà á jẹ́. Speed 84, 252 EV, Modest: 267. Scarf sọ ọ́ di 400. Dragapult Timid tàbí Jolly jẹ́ 421. Sọ Gholdengo di Timid, á di 293, Scarf á sọ ọ́ di 439. Shadow Ball rẹ̀ nígbà náà máa yọ ó kéré tán 338, ẹ̀jẹ̀ Dragapult tí kò kó EV sí HP sì jẹ́ 317. Ó kú láti ara líle, láìsí òkúta. Fún ìyípadà ìwà kan ṣoṣo, kò burú o.

---

Ẹ̀fẹ̀_Alẹ́ (Kétu)

Ti Great Tusk, mo gbà. Mo yọ ọ̀rọ̀ mi.

Àbúrò, má fi ọ̀rọ̀ Gholdengo yẹn gbàgbé ara rẹ. Good as Gold kò jẹ́ kí Will-O-Wisp ràn án, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n òun náà jẹ́ Ghost, Shadow Ball àti Hex ń dùn ún gan-an. Kì í ṣe ẹni tí a ń rán wọlé kó lọ gba ìkọlù. Lẹ́yìn tí ẹnì kan bá ti kú, nígbà náà ló ń wọlé. Bí Dragapult bá sì ti jó lẹ́ẹ̀kan, 421 ti di 631. Gholdengo 439 kò sí nínú eré yẹn mọ́.

---

Bàbá_Táyé (Àjàṣẹ́)

Ẹ̀ ń da ara yín láàmú. Ting-Lu. Ẹ fi Ting-Lu sí i, ọ̀rọ̀ tán. HP 155, Dark ni, Vessel of Ruin ń gba ìdá kan nínú mẹ́rin Special Attack gbogbo èèyàn tó wà níwájú rẹ̀. Kí ni Dragapult fẹ́ fi í ṣe?

---

Òkè_Ṣábẹ (Ṣábẹ)

Bàbá Táyé, ẹ kú àárọ̀. Òótọ́ ni pé òun ló súnmọ́ ìdáhùn jù nínú gbogbo wọn, n kò jiyàn. Ting-Lu tó kó 252 HP àti 252 Special Defense, ìwà Careful: Draco Meteor oní-Specs ń yọ 32 sí 38% lára rẹ̀, Shadow Ball oní-Specs 10 sí 12%. Ẹ̀rín lásán nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pa á. Kò sẹ́ni tó ń gbá a pa, wọ́n ń rẹ́ ẹ ni. U-turn jẹ́ Bug, Bug sì ń dun Dark. Dragapult Timid tí kò kó EV kankan sí Attack ń fi U-turn yọ 17 sí 20% lára Ting-Lu, ó sì ń sá lọ, ó ń mú ẹni tí Ting-Lu kò fẹ́ rí wọlé. Ìgbà mẹ́rin bẹ́ẹ̀, Ting-Lu kò lè gba Draco Meteor mọ́. Leftovers ń dá 6.25% padà ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Will-O-Wisp sì ń gba 6.25% gan-an. Wọ́n pa ara wọn rẹ́. Yàtọ̀ sí Rest, kò ní ọ̀nà tó fi ń wo ara rẹ̀ sàn. Bí o bá ṣe é ní olùgbà kan ṣoṣo, yóò sẹ́ ní àárín ìjà.

Ibi tí Ting-Lu ti wúlò jù, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ọ́: oní-Dragon Dance. Lẹ́yìn ijó kan, Dragon Darts (Jolly, 252, láìsí Tera, láìsí ohun ọwọ́ tó ń fi kún un) ń yọ 37 sí 44% lára rẹ̀. Ó gbà á, ó sì fi Whirlwind gbá a jáde, ijó náà di asán. Whirlwind ló máa ń ṣe kẹ́yìn ní gbogbo ìgbà, torí náà ìkọlù kan ni Ting-Lu gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó fẹ́ ẹ. Má dúró dìgbà tó bá kù sí 40%.

Dondozo náà ń dá oníjó dúró, Unaware kò ka ijó ẹnikẹ́ni sí. Ṣùgbọ́n Draco Meteor oní-Specs ń yọ 75 sí 88% lára Dondozo tí kò kó nǹkan sí Special Defense. Ẹ rí i bí ó ṣe rí? Ẹni tó gba èyí, tọ̀hún ló máa pa á.

---

Ẹ̀fẹ̀_Alẹ́ (Kétu)

Kí n sọ ti Kingambit, torí òun ni àbúrò ń ṣì lò jù.

Sucker Punch rẹ̀, ìkọlù tó ń ṣáájú ti alátakò (Adamant, 252), ń yọ ó kéré tán 330 lára Dragapult tó ní 317. Ó ń pa á láti ara líle. Ẹni tó wà lódìkejì mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà, ìdí nìyí tó fi ń lo Will-O-Wisp: Sucker Punch kì í ṣiṣẹ́ bí alátakò kò bá yan ìkọlù tó ń lu èèyàn. Will-O-Wisp, Dragon Dance, Substitute, Thunder Wave, gbogbo wọn ló ń sọ Sucker Punch di asán.

Ohun tí o kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí o máa tẹ Sucker Punch ní gbogbo ìgbà tí o bá rí Dragapult. Bí o bá ti mọ̀ pé oní-Hex ni (bàtà, ìkọlù méjì, gbogbo ohun tí a ti sọ), Kowtow Cleave ni kí o tẹ̀. Kì í tàsé. Will-O-Wisp máa ṣáájú, lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun náà ń tàsé nígbà 15 nínú 100, bí kò bá sì tàsé, Kowtow Cleave Kingambit tó ti jóná ṣì ń yọ 63 sí 74%. Torí náà wo ẹ̀jẹ̀ Dragapult kí o tó wọlé. Bí ó bá ti wà ní 62% tàbí kó dín sí i, Kingambit tó ń jóná gan-an máa pa á. Bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀, má fi Kingambit ṣòfò, rán Clefable. Magic Guard kò jẹ́ kí iná jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n rántí pé Hex ṣì ń di ìlọ́po méjì sí ẹni tó ń jóná, Magic Guard kò dá ìyẹn dúró. Ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ibẹ̀ yẹn.

Bí oní-Specs bá sì ni, tó so ara rẹ̀ mọ́ Shadow Ball, Kingambit wọlé láìbẹ̀rù. Draco Meteor ńkọ́? Kingambit tí kò kó nǹkan sí HP ń pàdánù 45 sí 52%. Ó lè gbà á lẹ́ẹ̀kan, Special Attack Dragapult á ti wálẹ̀ ní ìpele méjì, ìyẹn ìdajì, torí náà èkejì kò ní lágbára tó ti àkọ́kọ́. Flamethrower ni kí o bẹ̀rù. Irin ni Kingambit.

Ohun kan tó kù ni Tera. Bí Dragapult kò bá tíì lò ó, Sucker Punch rẹ kò dájú. Tera Ghost kò yí nǹkan padà, Dark ṣì ń dun Ghost. Ṣùgbọ́n Tera Fairy ń gba Dark ní ìdajì, ìgbà yẹn ni Iron Head máa ṣe é léṣe.

---

Àǹtí_Ìjà_Méjì (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ìjíròrò. Ẹ jẹ́ kí n fi kékeré kún un fún àwọn tó ń gbá VGC, ìdíje Pokémon tí a ń jà ní méjì sí méjì, nítorí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀.

Àkọ́kọ́, ìpele 50 ni, torí náà 421 yẹn kò sí níbẹ̀: 213 ni Dragapult tó kó 252 pẹ̀lú ìwà tó ń fi kún Speed. Dragon Darts ń lu ọ̀tá méjèèjì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ Fairy, méjèèjì á lọ bá ẹnì kejì, torí náà Fairy tó o gbé dúró sí ẹ̀gbẹ́ lè pa ọ̀rẹ́ rẹ láìmọ̀. Nínú ìdíje ńlá tí wọ́n ti ń fi ìwé ikọ̀ han ara wọn, o máa rí ìkọlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun ọwọ́, àbùdá àti irú Tera. O kò ní rí EV, o kò sì ní rí ìwà. Ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ̀gbọ́n Kétu ń wo ẹsẹ̀ fún, o ti rí i lórí ìwé. Èyí tó kù ni pé ta ló máa kọ́kọ́ lù.

Àwọn tó ń gbá a ní Faransé, ẹ má jẹ́ kí orúkọ dà yín rú: Lanssorien ni Dragapult, Scalpereur ni Kingambit, Mélodelfe ni Clefable. Feu Follet ni Will-O-Wisp, Coup Bas ni Sucker Punch, Piège de Roc ni Stealth Rock, Grosses Bottes sì ni bàtà tí wọ́n ń sọ yìí. Ẹ̀rọ ìṣirò Showdown, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà ń fi kọ̀wé síbẹ̀, torí náà ó dára kéèyàn mọ méjèèjì.

---

Ọ̀pẹ_Àjàṣẹ́ (Àjàṣẹ́, Porto-Novo)

Ẹ ṣé gan-an ni. Kí n bi yín léèrè kan: ta ni kí n yọ? Bí mo bá fẹ́ mú Ting-Lu wọlé, ṣé Ogerpon ni kó lọ? Ó kàn ń wo Dragapult níran ni, kò lè ṣe é ní nǹkan.

---

Òkè_Ṣábẹ (Ṣábẹ)

Má yọ Ogerpon. Grass àti Water, Dragapult ń gba méjèèjì ní ìdajì, òótọ́ ni pé kò wúlò sí i, ṣùgbọ́n o nílò rẹ̀ fún àwọn mìíràn. A kì í tìtorí ọ̀tá kan tú gbogbo ilé.

Dragonite ni kó lọ. Wò ó: Multiscale rẹ̀ tó o gbẹ́kẹ̀ lé, Dragon Darts ń lù ú lẹ́ẹ̀mejì, èyí àkọ́kọ́ nìkan ni Multiscale ń dín kù. Extreme Speed jẹ́ Normal, kò ran Ghost. Dragapult yá jù ú, Dragon sì ń dun Dragon. Nínú ikọ̀ yìí, Dragonite ni Dragapult ń fi ṣe àtẹ̀gùn.

Ting-Lu rọ́pò rẹ̀. Gbé Stealth Rock lé e lọ́wọ́, kí Great Tusk fi Knock Off sí ipò rẹ̀. Knock Off ń dun Dragapult, ó sì ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà òkúta ló máa parí iṣẹ́. Ting-Lu: Stealth Rock, Earthquake, Ruination, Whirlwind. Leftovers.

Bí ó bá ṣe máa rí nìyí. Bí o kò bá tíì mọ oríṣi wo ni, Ting-Lu ló ń wọlé lákọ̀ọ́kọ́, torí òun ló ń san owó tó kéré jù fún ìbéèrè. Bí o bá ti mọ̀ pé oní-Specs ni, Clefable ń gba Draco Meteor, Kingambit ń gba Shadow Ball, o ń pààrọ̀ wọn. Draco Meteor kò ju mẹ́jọ lọ, ó sì ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá bà. Bí oní-Hex bá ni, Clefable ni, Kingambit dúró sẹ́yìn di 62%. Bí oníjó bá ni, Ting-Lu gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 50%, má fi í gba U-turn lásán ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó lè bà á jẹ́: Ting-Lu àti Great Tusk jẹ́ Ground méjèèjì, omi, koríko àti yìnyín máa dùn ọ́ díẹ̀ sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ogerpon máa mu omi fún ọ, Water Absorb ló ní. Ti yìnyín, ṣọ́ra fún un.

---

Bàbá_Táyé (Àjàṣẹ́)

Mo sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ting-Lu.

---

Ẹ̀fẹ̀_Alẹ́ (Kétu)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jẹ̀bi, ẹ tún jàre.

Àbúrò, tí Ting-Lu bá ti wà, o lè jẹ́ kí Clefable di Magic Guard sí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí Ting-Lu, Unaware ni ì bá jẹ́ ìmọ̀ràn mi. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí kò bẹ̀rù ijó.

---

Ọ̀pẹ_Àjàṣẹ́ (Àjàṣẹ́, Porto-Novo)

Dakọ, mo gbà. Mo ti tún un ṣe. Clefable: Calm, 252 HP, 252 Special Defense, 4 Defense. Ting-Lu bí ẹ ṣe sọ. Great Tusk ti gba Knock Off. Ti Gholdengo, mo rò pé 439 ti pọ̀ jù fún 421, torí náà mo dín Speed kù, mo fi èyí tó ṣẹ́ kù sínú HP: Timid, Choice Scarf, 48 HP, 252 Special Attack, 208 Speed. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

---

Òkè_Ṣábẹ (Ṣábẹ)

Èrò náà dára, ìṣirò ló fi díẹ̀ kù. 208 ń fún ọ ní 256 kí ìwà tó kàn án, Timid sọ ọ́ di 281. Scarf sọ 281 di 421.5, gèmù á gé ìdajì yẹn dànù: 421. O bá Dragapult dọ́gba, gèmù á ṣẹ́ kèké, ẹni tó bá bọ́ sí lọ́wọ́ ló máa kọ́kọ́ lù. 212 ń fún ọ ní 282, Scarf sọ ọ́ di 423. Yọ 4 kúrò nínú HP: 44 HP, 252 Special Attack, 212 Speed.